Ọbẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ ọbẹ̀ kan náà
lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nílé wa ní òpópó Bámgbóṣé,
lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dún bí eékún arúgbó.
Ìmóyò ni: ẹja ọ̀bọ̀kún, tòmátì, àlùbọ́sà,
ata rodo tí a kò lọ̀ kúnná,
ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún lé e lórí.
Àwẹ̀ró á gbé àwo dé, á ní,
"Ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù."
Èmi á jẹ, n ó lá ìka, n ó ní,
"Kò sí ọwọ́ mìíràn lÉkòó tó lè se ọbẹ̀ yìí."
Á rẹ́rìn-ín.
Mo rò pé inú ìyìn ló ń dùn sí.

Lóṣù kẹta, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin.
Ọmọ wa bímọ, ta ni yóò wẹ ìkókó?
Ó fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó fi gààrí Ìjẹ̀bú sílẹ̀,
ó fi èmi àti sítóòfù sílẹ̀ fún ara wa.
Mo gbé ìrẹsì kaná. Ìsàlẹ̀ jóná, òkè ò jinná,
àárín nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe.
Mo jẹ àárín.

Kàsúmù tó ń tún rédíò ṣe nísàlẹ̀ wò mí lójú, ó ní,
"Bàbá, ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."
Ó fà mí lọ́wọ́ dé ilé oúnjẹ Ìyá Túnwàṣe
ní Làfíàjí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.
Bẹ́ńṣì mẹ́ta, kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́fà sẹ́yìn,
fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀.
Akọ̀wé báńkì ti táì rẹ̀ bọ àárín bọ́tìnì.
Apẹja kan wà níbẹ̀, iyọ̀ òkun ṣì wà lápá rẹ̀.
Ọmọbìnrin kan gé pọ̀ǹmọ́ sí méjì,
ó di ìdajì sínú ọ̀rá fún ẹnì kan nílé.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹnu ò ráyè.

"Kí lẹ ní?"
"Ọjọ́ Ẹtì lónìí," ni Ìyá Túnwàṣe wí,
"kí la bá tún ní?"

Òkèlè kìn-ín-ní, mo dúró.
Òkèlè kejì, mo wo Kàsúmù; Kàsúmù ń wo egungun ẹja.
Ata kan náà. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan náà.
Ewé efinrin kan ṣoṣo tí mo máa ń bá létí àwo,
tí mo máa ń pè ní àṣírí Àwẹ̀ró,
òun náà rèé, ó fẹ̀yìn ti ẹja bí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

"Ìyá, ta ló kọ́ yín lọ́bẹ̀ yìí?"
"Ìyá mi ni. Òun ló ń tà níbí kí n tó gbà á.
Kí ló dé? Ṣé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ ni?"
Ó tún mi wò.
"Àbí ẹ̀yin lọkọ ìyá oníkúlà búlúù
tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní agogo mẹ́rin?
A ò rí wọn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ṣé ara le?"

Kúlà búlúù.
Mo ti fẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì wa, kò níye.

Mo fẹ́ bínú. Mo wá ìbínú náà nínú àwo,
egungun ni mo bá, mo fà á mu.
Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń dúró ti iná:
ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́,
fùréjọ̀n ìparí ààwẹ̀ tí apá fi ń ro ó
nítorí àgbọn tó ń rin láti òru.
Ta ló ní kó má sinmi lọ́jọ́ kan?
Ta ló sì ní kí n má ṣí kúlà wò rí?

Lálẹ́, fóònù dún láti Ìlọrin.
"Kí lẹ jẹ?"
"Gààrí."
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Lọ́jọ́ Ẹtì?"
"Lọ́jọ́ Ẹtì. Ta ni yóò se ìmóyò fún mi?
Kò sí ọwọ́ mìíràn lÉkòó."
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjọ́sí gan-an,
ìkókó sì ké lẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo gbóòórùn ọwọ́ mi:
efinrin, ọsàn wẹ́wẹ́.
N kò tíì fọ̀ ọ́.